Ibi Tí Bàbá Mi Ti Ń Mí

Àṣìṣe ni ọ̀gá ilé-ìwé pè é. Ó jókòó sínú pálọ̀ wa, ó mu omi tí ìyá mi gbé fún un tán, ó wá ní níbi ìrántí bàbá mi, àwọn yóò kọ orin ilé-ìwé bó ṣe yẹ, nítorí olùkọ́ orin tuntun ti rí àṣìṣe kan tí olóògbé fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

"Àṣìṣe wo?" ni ìyá mi bi í.

"Ẹ má bínú, Mà. Ó máa ń dúró láàárín orin. Ìdúró ò sí níbẹ̀ nínú ìwé."

Èmi mọ bí ìdúró náà ṣe wọ inú orin. Dùùrù àfẹsẹ̀tẹ̀ ni ti ilé-ìwé. Àpò awọ kan wà nínú rẹ̀, ẹwìrì. Bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀, ẹwìrì á máa fẹ́ atẹ́gùn gba ara àwọn ahọ́n idẹ kéékèèké, ìyẹn ló ń dún. Awọ yẹn ya. Bàbá mi bẹ ilé-ìwé títí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó ní sùúrù, ọ́fíìsì ọ̀gá làwọn ń kùn lọ́dà. Ló bá gé awọ bàtà ara rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lè gbé orin dópin lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá dé ìdajì, bàbá mi á gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ mí ná!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀, á tẹ̀, ẹwìrì á kún, orin á tẹ̀síwájú. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Tíṣà Ẹ-Mí-Ná nìyẹn.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wálé pẹ̀lú. Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá ń jà lórí ẹni tí abọ́ kàn, "Ẹ mí ná!" Ká tó mí tán, òun fúnra rẹ̀ á ti ki ọwọ́ bọ omi ọṣẹ. Bí ìyá mi bá sì gbaná jẹ, á rọra ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ n mí ná." Ẹ̀rín ló máa ń parí ìjà wọn.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. "Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ bí ọkọ mi ṣe kọ́ wọn. Mi ò bẹ̀ yín ní nǹkan mìíràn."

"Mà, àwọn èèyàn pàtàkì ń bọ̀. Wọn á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi fọhùn: "Ṣé ẹni tó ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ ló tún ń bú u pé ó ń tiro?"

Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó dìde.

Lọ́jọ́ ìrántí, àwọn tí bàbá mi ti kọ́ látijọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé kún gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti ti dùùrù bàbá mi sí kọ̀rọ̀, wọ́n da aṣọ bò ó, wọ́n gbé ìkòkò òdòdó lé e lórí bíi tábìlì lásán. Olùkọ́ tuntun jókòó sídìí dùùrù oníná. Ó bẹ̀rẹ̀, a dìde.

"Ilé là ń lọ..."

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, a mí. Nọ́ọ̀sì tó ti hewú mí, káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mí, àwọn ọmọ tí wọ́n ti kìlọ̀ fún náà mí. Olùkọ́ tuntun ti sáré kọjá lọ, òun nìkan ló ń dún níwájú. Nígbà tó ṣíjú padà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀:

"...ilé ni ìsinmi wà."

Ó ń lé wa síwájú, ó ń lé wa sẹ́yìn, kò bá wa. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Tíṣà tuntun, ẹ mí ná!" Ẹ̀rín bú.

Ọ̀gá fò dìde. "Ẹ jẹ́ ká tún un kọ, bó ṣe yẹ!"

"Bó ṣe yẹ náà la kọ ọ́ yẹn," ni ìyá mi wí. Ó rìn lọ sí kọ̀rọ̀, ó gbé ìkòkò òdòdó, ó gbé e lé ọ̀gá lọ́wọ́. "Ẹ bá mi gbá a mú." Ó ká aṣọ kúrò, ó sì wò mí.

Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ kan ẹwìrì lábẹ́. Awọ bàtà náà ṣì lẹ̀ pinpin. Mo jókòó sídìí dùùrù bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún, a sì tún orin náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ibi tí bàbá mi ti ń mí. Ìkòkò òdòdó ṣì wà láyà ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó bá a gbà á.