Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Òkè Mọ́ Tónítóní

Ká ní ìgbéraga ń wo àìsàn ni, kì bá tí sí aláìsàn kankan nílé àwọn Òkè ní Òwu. Bàbá tó kọ́lé náà ṣe àlùfáà Áńgílíkà, àwọn ọmọ ẹ̀ ṣe adájọ́ àti ọ̀gá ilé ìwé, Sẹ̀gilọlá ọmọ ọmọ ẹ̀ sì wá di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá yà síbẹ̀, kí ẹ tó mu omi, wọ́n á ti sọ ọ́ fún yín.

Iṣẹ́ Sẹ̀gilọlá ni kó máa wá àwọn ìdílé tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ti ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Ó wá wọn dé Ọ̀fàdà, ó wá wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró ní Láfẹ́nwá. Àwọn èèyàn ọ̀hún kì í fẹ́ sọ òótọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni á kọ́kọ́ wádìí bóyá wèrè, wárápá tàbí àrùn burúkú mìíràn wà nínú ìdílé, kálukú yáa ń pa ti ilé ẹ̀ mọ́. Ẹni tí àrùn ẹ̀jẹ̀ pa, wọ́n á ní ibà ló pa á. Sẹ̀gilọlá a máa fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà ní àpérò lókè òkun, àwọn òyìnbó á sì rẹ́rìn-ín. Ó ní àìmọ̀wé ló ń dà wọ́n láàmú.

Nígbà tó yá, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú Olúmidé, àbúrò ẹ̀ kan ṣoṣo. Èrìgì ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó rù hangogo. Wọ́n ní àfi kí wọ́n gba mùdùnmúdùn eegun lára ẹni tí tiẹ̀ bá bá ti Olúmidé mu, kí wọ́n fi sí i lára. Ti Sẹ̀gilọlá ló bá a mu, inú gbogbo ilé sì dùn. Àmọ́ Mùtíù, dókítà tó ń tọ́jú Olúmidé, béèrè bóyá irú àrùn yìí ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú ìdílé wọn. Tó bá jẹ́ àbímọ́ ni, mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n lè tún gbé àrùn náà padà sára àbúrò.

Sẹ̀gilọlá pe Bàbá Jedidiah, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àbúrò bàbá ẹ̀ àti olórí ẹbí. Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ àwọn Òkè mọ́ tónítóní. Ọ̀jọ̀gbọ́n sì gbà! Ìdáhùn tí kò jẹ́ gbà lẹ́nu aláró, ó gbà á lẹ́nu adájọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mùtíù ò gba ti oyè rò. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ Sẹ̀gilọlá wò. Àbùkù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Olúmidé wà nínú tiẹ̀ náà. Kò lè fún un ní nǹkan kan mọ́.

Ni Sẹ̀gilọlá bá wakọ̀ lọ sí Òwu. Bàbá wà lórí àga ẹ̀, Olúmidé nà sórí tìmùtìmù ní òdìkejì. Sẹ̀gilọlá bú adájọ́ tó ń purọ́ bí àwọn ará oko, ó ní kó dárúkọ ẹni tí àrùn náà pa.

“Bàbá rẹ ni,” ni Bàbá wí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sọ fún un látijọ́ pé ó pa bàbá ẹ̀. Ó béèrè ìdí tí wọ́n fi bò ó.

“Àwọn ará ilé ọkọ rẹ ń bọ̀ wá tọrọ rẹ lọ́dún yẹn. Ta lo fẹ́ ká sọ ọ́ fún?”

Ojú tì í, inú sì bí i. Ó ní ohun tó kù ni kí wọ́n kó gbogbo ọmọ inú ẹbí jọ, kí wọ́n sọ òótọ́ fún wọn, kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò títí wọn á fi rí ẹni tó mọ́ tó sì bá Olúmidé mu. Bàbá kò jiyàn.

“Ó dára. Ká bẹ̀rẹ̀ látorí Títílọlá ọmọ rẹ. Nígbà tí àwọn àna rẹ bá wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ fúnra rẹ ni kó o sọ fún wọn.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká ṣe ìgbéyàwó ọmọ yìí tán ná, Bàbá.”

Olúmidé lajú. “Oṣù wo nìgbéyàwó ọ̀hún, Àǹtí Sẹ̀gi?”

Oṣù Kejìlá ni. Nínú gbogbo wọn, Sẹ̀gilọlá nìkan ló mọ̀ dájú pé Olúmidé kò ní tó ìgbà yẹn láyé. Ó sì dá a lóhùn pé kò ní pẹ́ mọ́.