Agbọ́n Tó Ń Ta Àgbọ̀n

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti ti ọkọ rẹ̀ onígbàjámọ̀, ògiri náà kò sì nípọn. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ti dákẹ́ díẹ̀, aránṣọ á máa gbọ́ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń pòṣé, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, tí ẹlòmíì tiẹ̀ ń pe ìyá rẹ̀. Ohùn yẹn ló fi ń mọ̀ pé ọjà ń lọ. Ọkọ rẹ̀ ti fá irùngbọ̀n wọn tán nìyẹn, ó sì ti da sípírítì sí i.

Agbọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, agbọ́n tó ń ta àgbọ̀n, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn débi pé ó kọ ọ́ sára dígí. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé bí sípírítì bá ti ń ta èèyàn, ó ń lé ìdọ̀tí jáde, ó sì ń pa kókó wẹ́wẹ́ tó máa ń sú sí àgbọ̀n àwọn ọkùnrin lẹ́yìn tí wọ́n bá fárùngbọ̀n. Bí kókó náà bá tún yọ, á fá a mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á da òmíràn lé e. "Ohun tó ń ta ló ń tà," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, àwọn oníbàárà á sì máa rẹ́rìn-ín tòun ti omijé lójú. Èyí tí kò bá ta nínú wọn á ní wọn kò tíì fá òun tán.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ronú kàn: Agbọ́n fúnra rẹ̀ kò fá irùngbọ̀n rí. Láti ìgbà èwe ló ti dá a sí. Ó kún, ó dúdú, ìyàwó rẹ̀ sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé irùngbọ̀n lòun kọ́kọ́ fẹ́, kóun tó mọ̀ pé ojú wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá aránṣọ ló dá wàhálà sílẹ̀. Awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkùnrin tí kì í yin èèyàn, tí kì í sì í ráhùn. Ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ ló ti ń fárùngbọ̀n látọjọ́ ìgbéyàwó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fá a tán, ọmọ sì rí i pé àgbọ̀n bàbá òun ti rí págunpàgun, ó pọ́n, ó tún ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó béèrè bóyá kì í dùn wọ́n. Bàbá ní ó ń dun òun. Ọmọ ní kí ló wá dé tí wọn kò sọ. Bàbá wo ògiri náà, ó ní: "Ọkọ ẹ ni. Mi ò fẹ́ kó rò pé iṣẹ́ òun ò dáa."

Aránṣọ sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, láì fepo bọyọ̀. Ó ti múra sílẹ̀ de ìbínú. Agbọ́n kò bínú. Ó dìde, ó mú abẹ, ó dúró níwájú dígí, ó sì fá irùngbọ̀n tó ti ń tọ́jú láti èwe, ó fá a lòdì sí bó ṣe hù, bó ṣe ń fá ti àwọn oníbàárà. Ó bu sípírítì sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi gbá àgbọ̀n.

Ẹ má bi mí léèrè ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó gbójú sókè tó rí i pé omijé ọkọ òun ti kọjá ti sípírítì. Ohun tí ọkọ ń sọ lásọtúnsọ ni pé ohun tóun ń ṣe fún wọn nìyí.

Kò pẹ́ tí kókó fi sú bo àgbọ̀n tirẹ̀ náà. Ó lọ fi han nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú awọ ara nílé ìwòsàn, ó ń béèrè, ó tún ń béèrè. Nọ́ọ̀sì ní ìdọ̀tí kọ́ ló ń di kókó. Irun tó lọ́ ni. Bí wọ́n bá gé e kúrú jù, á tẹ̀ padà wọnú awọ. Ó ní sípírítì kì í wò ó sàn, ṣe ló ń mú awọ gbẹ tó ń bó o. Títa tó ń ta yẹn, awọ ló ń ké, oògùn kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ó ní kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin irùngbọ̀n, kó máa fá a síbi tí irun dojú kọ, kó fi díẹ̀ sílẹ̀, kó sì jẹ́ kí ibi tó ti dégbò sinmi.

Ẹlòmíì ì bá dákẹ́, kó máa yí ọwọ́ padà díẹ̀díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fura. Agbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù tòun ti àgbọ̀n rẹ̀ tó ti bà jẹ́, aránṣọ sì gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. "Ohun tí mo ń sọ fún yín ò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ ni, ẹ má bínú. Láti òní lọ, kò ní ta yín mọ́."

Orí aránṣọ wú. Ó mọ àwọn ọkùnrin tó gbayì ju ọkọ òun lọ tí gbólóhùn yẹn kò lè gba ẹnu wọn jáde láéláé.

Àmọ́ ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà sì tọ́. Àwọn oníbàárà fọwọ́ pa àgbọ̀n, wọ́n ní ó dà bíi pé wọn kò ṣe nǹkan kan fáwọn. Ọ̀kan ní Agbọ́n kò lóró mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà ní oríta, ẹni tí sípírítì tirẹ̀ ń ta bí iná. Ẹ̀yìn ògiri dákẹ́. Nígbà tí ara aránṣọ kò gbà á mọ́, ó lọ bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó kàn kán sípírítì díẹ̀ sómi, kó ta wọ́n díẹ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣọ́ọ̀bù á kógbá sílé.

"Tó bá máa kógbá sílé, kó kógbá sílé," ni ọkọ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Àgbọ̀n bàbá ẹ ni mò ń rí lójú gbogbo wọn."

Kò tún bá a sọ ọ́ mọ́. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ọkùnrin náà ju ti ọjọ́ ìgbéyàwó lọ, tòun ti ẹ̀rù tó wà láyà rẹ̀.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ jù. Kò gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ó rò pé ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ló bá ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré yípo dé ẹnu ọ̀nà.

Àga gbọọrọ kún. Àwọn tó ti lọ sí oríta ló jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́ síbẹ̀, àgbọ̀n wọn pọ́n, ọ̀kan sì yára fi ìka lé ètè nígbà tó rí i. Bàbá rẹ̀ ló wà lórí àga, ó fẹ̀yìn tì, àgbọ̀n rẹ̀ ti jọ̀lọ̀, ó ń hanrun. Ọkùnrin tí ìyá aránṣọ máa ń sọ pé ojú kan ló fi ń sùn. Ọkọ rẹ̀ gbé abẹ sókè, ó ń dúró kí híhanrun náà rọlẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá yín ló wá jókòó tì wá ní oríta lánàá," ni ẹni tó fìka létè sọ jẹ́jẹ́. "Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń fọwọ́ pa àgbọ̀n wọn tó ti jọ̀lọ̀."

Aránṣọ wo ọkọ rẹ̀. "Kò ta mọ́," ni ọkọ rẹ̀ sọ sí i lẹ́tí.

"Àmọ́ ó ń tà," lòun náà fèsì.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kò sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí bàbá rẹ̀ fi jí.