Omi Tó Ń Kán Lára Ẹ̀rọ

“Alhaja, ẹ sá ra gáàsì yín. Kí lẹ fẹ́ fi ibi tá a ti ń ṣe é ṣe?” Adéníran, tó ń ta gáàsì haidirójìn ní Kétu, rẹ́rìn-ín.

“Mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí i ni,” Nusirat fèsì.

Láti ọdún 2005 tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti pa Múdàṣírù àbúrò rẹ̀ mọ́ ojú oorun nínú yàrá kan nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ní Ìkòsì ni ọkàn Nusirat ò ti balẹ̀ mọ́. Àkísà ni ọmọ ọ̀hún fi dí fèrèsé nítorí ariwo, èéfín sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Nusirat ti yàrá náà pa, ó lé jẹnẹrétọ̀ kúrò nílé, ó sì ra ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì yìí ṣe iná. Ẹ̀rọ náà kì í pariwo, kì í rú èéfín. Omi mímọ́ nìkan ló ń kán lára rẹ̀ sínú abọ́, omi yẹn ló sì fi ń ṣe àlùwàlá kó tó gbàdúrà fún òkú àbúrò rẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣì ń gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ ọjọ́sí létí.

Gáàsì ti fẹ́ẹ̀ tán báyìí. Àwọn ayálégbé rẹ̀ ti búra pé bíná bá lọ, àwọn á gbé jẹnẹrétọ̀ àwọn padà.

Adéníran mú un lọ sẹ́yìn ilé. Ìró ọ̀hún tún dé. Nusirat ṣebí etí òun ló tún ń ṣe é.

“Omi la fi ń ṣe é, Alhaja. Iná la fi ń ya gáàsì kúrò lára omi.”

“Iná NEPA?”

“NEPA wo? Jẹnẹrétọ̀ wa nìyẹn.”

Ó tóbi tó ṣọ́ọ̀bù. Èéfín rẹ̀ ń wọ́ lọ sára àwọn yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Wọ́n ti fi àkísà dí fèrèsé kan. Nusirat sáré lọ kan fèrèsé náà títí tí obìnrin kan tó pọn ọmọ fi yọ àkísà, tó ń wúkọ́.

“Má fi dí i mọ́, ìyá ọmọ! Jáde síta!”

“Ariwo ò jẹ́ ká sùn ni, Mummy.”

Ohun tí Múdàṣírù sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Nusirat ò ra gáàsì. Nígbà tó délé, omi ti kún abọ́, ó mọ́ lóló. Àkókò ìrun ti tó, àmọ́ kò lè fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó da á nù, ó pa ẹ̀rọ.

“Mummy, iná ti lọ o!” ayálégbé kan pariwo.

“Èmi ni mo pa á. Ẹni tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé yìí, kó kẹ́rù ẹ̀ jáde.”

Ó fi omi kàǹga ṣe àlùwàlá, ó kírun. Lẹ́yìn náà, ó ṣí yàrá Múdàṣírù, ó ṣí fèrèsé rẹ̀ gbayawu, ó sì padà sí Kétu lọ mú obìnrin tó pọn ọmọ náà àti ọmọ rẹ̀ wá máa gbébẹ̀.