Ìyá Tí Rótìmí Lóun Kò Mọ̀ Rí

Ní ọdún 1984, nígbà tí Olúrótìmí Ládépọ̀ ń kàwé ní Houston, ó ṣe ohun kan ní ọ̀sán Sátidé kan tí kò jẹ́ kí ó lè wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí fún ìgbà pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ létòlétò, kí n má baà ti ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Eré orí ìtàgé ni òun àti ẹgbẹ́ òṣèré kan níbẹ̀ ń ṣe. Kì í ṣe eré tiwa o. Eré apanilẹ́rìn-ín àwọn ará Sípéènì ni, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti ayé ìgbà tí àwọn ọkùnrin wọn ń fi aṣọ fífẹ̀ bí abọ́ ìjẹun yí ọrùn ká, tí ẹnì kan wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá kan wà nínú eré náà, Don Félix, onídà àti onífìlà ìyẹ́, tó ń fẹ́ obìnrin méjì pa pọ̀ tí kò sì fẹ́ kí ọ̀kan gbọ́ nípa èkejì. Charles, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ta ilé tuntun fún àwọn èèyàn ní ìlú Katy, ló ń ṣe ọ̀gá yìí. Rótìmí ló ń ṣe Pascual, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀: wọ̀bìà, òpùrọ́, ojo paraku. Ṣùgbọ́n nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ yìí gan-an ni iyọ̀ inú ọbẹ̀. Tí kò bá dùn, kò sí ohun tó kù.

Veronica ni olùdarí eré. Obìnrin ìlú Rosenberg ni, Mẹ́síkò ni àwọn òbí rẹ̀ àgbà ti wá. Ó kúrú, ó sì ta bí ata wẹ́wẹ́. Ohun tó kórìíra jù láyé ni kí òǹwòran ti ẹnu bọ eré. Ní ọjọ́ ìdánrawò kan, Evelyn, ọmọbìnrin tó ń ṣe ìránṣẹ́ nínú eré náà, mú àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ wá, àbúrò náà sì ké pe orúkọ rẹ̀ látorí ìjókòó. Veronica dá gbogbo wọn dúró.

"Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá pe àlejò wá, ọrùn rẹ̀ ni ọ̀ràn àlejò náà wà. Ẹni ìta kankan kò gbọdọ̀ wọ inú eré mi." Ó yíjú. "Ray, ṣé ò ń gbọ́?"

Ray ni wọ́n ń pe Rótìmí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti fi oṣù púpọ̀ yọ́ ahọ́n rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí Charles fi bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé Louisiana ni wọ́n bí i. Inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní àsìkò yìí kan náà, Màmá Nímọ́tà ti dé. Ẹ̀gbọ́n ìyá Rótìmí ni. Shakirat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló bímọ tuntun ní àdúgbò Fondren Southwest ní Houston, Màmá sì ti Ìsẹ́yìn wá bá a wẹ ọmọ. Nígbà tí ìyá Rótìmí kú, Rótìmí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Ẹ̀yìn màmá yìí ló dàgbà sí. Òfì tí màmá yìí ń tà ló rán an wọ ọkọ̀ òfuurufú.

"Wọ́n ní o ń ṣe tíátà," Màmá wí fún un nínú apartment Shakirat, bó ṣe ń fi òróró pa ọmọ lára. "O ò sì pè mí."

"Màmá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ látòkè délẹ̀."

"Ṣé Gẹ̀ẹ́sì yóò bù mí jẹ ni? Nígbà tí àwọn onítíátà bá wá sí gbọ̀ngàn ìlú nílé, ta ló ń jókòó níwájú? Ṣé nínú ariwo yẹn ni mo ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń wí?"

"Mú wọn lọ jàre," Shakirat ní. "Látìgbà tí wọ́n ti dé, ilé yìí àti mall nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ti fẹ́ máa bá tẹlifíṣọ̀n jà."

Bẹ́ẹ̀ ni Rótìmí ṣe gbé Màmá ní ọ̀sán Sátidé náà. Màmá ró òfì pupa, ó wé gèlè rẹ̀ tó dúró ṣánṣán. Lórí freeway, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn Rótìmí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wo eré nílé. Tí òṣèré bá dùn mọ́ ọ nínú, o kì í dúró di ìparí. O máa dìde, o máa gun orí ìtàgé lọ bá a, o máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, o máa pe oríkì rẹ̀ tí o bá mọ̀ ọ́n, o máa jó díẹ̀, o sì máa sọ̀kalẹ̀. Òṣèré náà á kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ọ, á sì he ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tó já a sí. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní ìdíwọ́. Ìyẹsí ni.

"Màmá," Rótìmí pè.

"Hẹ́n?"

"Ibi tí wọ́n bá fi yín jókòó sí yẹn... ẹ jọ̀ọ́ mà..."

"Kí ló dé ibẹ̀?"

"Kò sí, mà. Ó máa ń tutù díẹ̀ ni."

"Mo mú ìborùn wá."

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó kọ́ ọ ní ìjókòó pé kí ó jókòó jẹ́ẹ́? Rótìmí gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Eré bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ geere. Ní ìdajì kejì, Pascual á ku òun nìkan lórí ìtàgé. Ebi ń pa á, òórùn adìyẹ sísun sì ń ti ojú fèrèsé aládùúgbò wá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá adìyẹ náà sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó ń júbà fún un, ó ń ṣèlérí pé òun á fi í ṣe aya, òun ò sì ní fẹ́ pẹ́pẹ́yẹ lé e. Rótìmí ò tíì ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ìhà mú.

Màmá Nímọ́tà ò gbọ́ ju ìdámẹ́rin lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ tó bá ń dárà. Ó dìde. Ó fi ọwọ́ kan ká etí ìró rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, ó sì yọ sínú iná.

"Àrẹ̀mú," ó pè é, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo gbọ̀ngàn. "Àrẹ̀mú ọmọ Ládépọ̀. Ọmọ tí mo pọ̀n lọ tí mo pọ̀n bọ̀. Ẹnu rẹ ò ní kan o, Àrẹ̀mú."

Ó lẹ dọ́là kan mọ́ ọn níwájú orí, òógùn sì gbà á mọ́ra. Ó jó díẹ̀, ó fi èjìká sí i.

 Rótìmí wo ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì, ó rí Veronica tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ìgbà náà ni Charles yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kàn án. Ó fẹ́ gba eré là. Ó fi ọwọ́ lé èèkù idà rẹ̀, ó sì fi ohùn Don Félix wí pé:

"Pascual, aláìníláárí, ta ni obìnrin yìí?"

Ẹ wò ó, ọ̀nà là gbalaja fún un. "Ìyá mi ni, ọ̀gá." Èémí kan péré ló máa gbà. Eré ò ní bàjẹ́. Àwọn èèyàn ì bá rẹ́rìn-ín, wọn ì bá pàtẹ́wọ́ fún Màmá, Màmá ì bá sì sọ̀kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n etí Rótìmí ti gbóná. Ó rí òfì pupa yẹn bí ẹni pé ojú àwọn ará ibẹ̀ ló fi ń wò ó. Ó ń gbọ́ orúkọ Àrẹ̀mú níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Ray.

"N kò mọ̀ ọ́n rí, ọ̀gá," ó ní. "Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọrọ bárà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó jọ pé ó ṣìnà."

Ó sì fi ìka méjì ṣí dọ́là náà kúrò níwájú orí, bí ẹni mú òkú aláǹgbá, ó jẹ́ kó já bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rín tó bẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé lọ. Ẹ̀rín tó tóbi jù lọ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà.

Màmá ti ta òfì fún àwọn òyìnbó tó ń wá wo ìlú rí. Gẹ̀ẹ́sì "n kò mọ̀ ọ́n" kò ṣàjèjì sí i. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń jó dúró sínú afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi tún ìborùn rẹ̀ gbé sí èjìká.  Ó rọra fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn, ó sọ̀kalẹ̀ láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì padà sí ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ níparí, òun náà pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn kọ́tìnì, Charles gbá Rótìmí lẹ́yìn. "Bárà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì! Níbo lo ti rí ìyẹn?"

Veronica dì mọ́ ọn. "Ray, o kó wa yọ. Àfi bí àwọn òṣèré àtijọ́ gan-an. Ta tiẹ̀ ni obìnrin náà? Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀nà tún là lẹ́ẹ̀kejì. "Obìnrin àdúgbò wa kan ni," ni ohun tó ti ẹnu Rótìmí jáde.

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A máa fi í sínú eré lọ́la. Evelyn ni yóò ṣe é."

Nínú ọkọ̀, Màmá ń wo ìta títí wọ́n fi dé Fondren. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sójú fèrèsé.

"Ẹ ṣeun o, ọ̀gbẹ́ni," ó ní. "Ẹ kú ìnáwó epo."

Bẹ́ẹ̀ lèèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tí kò mọ̀ rí. Rótìmí jókòó síbẹ̀ nínú ọkọ̀, kò lè wà á, kò sì lè bọ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó dé gbọ̀ngàn, ó múra sínú aṣọ Pascual, ṣòkòtò alábùlẹ̀ tó mọ lórúnkún àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Ó bá Evelyn nínú yàrá ìmúra. Evelyn ti ró aṣọ orí tábìlì, ó di ṣákáàfù gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sórí, ó sì ki tìmùtìmù sí ìdí. Gbogbo wọn ti yí i ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ray, wá kọ́ mi," ó ní. "Ṣé báyìí ló ṣe fi èjìká sí i? Ọ̀rọ̀ tó ń pè yẹn ńkọ́? A-re-mu, A-re-mu. Ó dà bí ẹni tó ń ṣépè."

Evelyn kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń yí èjìká, Rótìmí di apá rẹ̀ mú.

"Orúkọ mi ni," ó ní.

"Kí ni?"

"Àrẹ̀mú. Kì í ṣe èpè. Èmi ló ń pè. Ìyá mi ni. Òun ló tọ́ mi."

Ẹ̀rín wọn gbẹ. Rótìmí sọ ti owó náà fún wọn, ohun tó túmọ̀ sí níbi tí òun ti wá. Ó sọ ọ́ wẹ́wẹ́, kò gbójú sókè.

"Mo bi ọ́," Charles ní, ó ti bọ́ fìlà ìyẹ́ rẹ̀. "Níwájú gbogbo èèyàn ni mo bi ọ́."

"O bi mí."

"Èmi náà bi ọ́," Veronica ní, "níbi tí kò sí òǹwòran kankan."

"Ẹ bi mí."

Ó ń retí kí wọ́n bínú sí i. Wọn ò bínú. Evelyn ń tú tìmùtìmù kúrò ní ìdí rẹ̀, kò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló burú jù, pé òun ti fi ìtìjú tirẹ̀ ra àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ lára.

"A yọ ibẹ̀ kúrò," Veronica ní. "Lọ bá ìyá rẹ. Kí o sì padà kí á tó bẹ̀rẹ̀."

Rótìmí ò dúró bọ́ aṣọ eré. Ní gbogbo ibi tí iná ojú pópó bá ti dá a dúró, àwọn onímọ́tò ń na ìka sí ohun tó wọ̀. Ó dé apartment, Shakirat ṣílẹ̀kùn, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó sì yà fún un láìsọ̀rọ̀. Màmá jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ lé itan, ó ń wẹ̀ ẹ́. Rótìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Màmá bu omi. Ó fọ orí ọmọ, ó fọ abíyá, ó yí i dà. Ọmọ ké, ó dákẹ́.

"Ẹ dárí jì mí, Màmá. Mo ní n kò mọ̀ yín."

"Ṣé o ò wá mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ yín, mà."

"Ó dáa, kí ló ṣe ọ́?"

Rótìmí ti gbìmọ̀ irọ́ mélòó kan lọ́nà. Pé eré ni. Pé ẹnu Pascual ni, kì í ṣe ẹnu òun. Kò rí èyí tó ṣeé gbé sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Mo tijú yín ni."

Màmá dá ọwọ́ dúró nínú omi.

"Láti àná ni mo ti ń wí fún ara mi pé bóyá n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn dáadáa," ó ní. "Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀."

Orí Rótìmí wà nílẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn lónìí, mà. Gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣeré. Mo ní ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Wọn ò rẹ́rìn-ín."

"Àwọn tó rẹ́rìn-ín lánàá ńkọ́?"

Màmá bu omi sí ẹ̀yìn ọmọ.

"Wọ́n pọ̀ o. Wọ́n kún ibẹ̀. Oníkálukú ti gbé e délé, ó ti fi sọ ìtàn fún ìyàwó. Ta ni yóò máa kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ fún wọn pé alágbe kọ́?"

Shakirat kọjú sí ògiri. Màmá gbé ọmọ kúrò nínú omi, ó na ọwọ́. Rótìmí dìde lórí orúnkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé táwẹ̀lì fún un. Ó gbà á, ó fi wé ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹ̀yìn etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì gbójú sókè.

"Máa lọ," ó ní. "Kí wọ́n má baà wá ọ tì."

Rótìmí dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú ṣòkòtò alábùlẹ̀ yẹn. "Ó dàbọ̀, Màmá."

Shakirat ló dá a lóhùn.