Ohùn Ta Ló Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Alhaja?

Ńṣe ni Hàmdálàt ń rọra ki kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan bọ inú ẹ̀rọ. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ọ̀hún ṣàjèjì sí i. Ó ti pẹ́ tó ti ń tún rédíò àti fóònù ṣe ní ọjà fóònù Computer Village. Ṣùgbọ́n lónìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìjọba ló kéde pé kí ẹni tó bá ní ọgbọ́n tuntun tí àṣà àtijọ́ kò fi ní parun wá gba owó ìrànwọ́. Hàmdálàt ní òun lè ṣe ẹ̀rọ tí yóò gbẹ kásẹ́ẹ̀tì tó ti bu, tí yóò nù ún mọ́, tí yóò sì kó ohùn inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n fún un lówó, ó ṣe é. Ó kù kí wọ́n rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Alhaja Simbiat, àgbà olórin wákà láti Agege tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló ni kásẹ́ẹ̀tì náà. Omi òjò ti ba gbogbo kásẹ́ẹ̀tì wọn yòókù jẹ́.

Ẹ̀rọ ń kùn, kò sóhùn. Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ọ̀nà. Hàmdálàt dín iná ẹ̀rọ náà kù, ó mí kanlẹ̀, ó tún un tẹ̀.

Àfi gbàà tí ohùn ọmọge kan yọ, tó mọ́ gaara:

"Ayọ̀ wọlé dé, ẹ bá mi tẹ́ní o,
Ọlọ́hun tó gbé e wá ló ní ká jókòó!"

Ariwo ta. Àmọ́ Alhaja ń mi orí.

"Èmi kọ́ nìyẹn o," ni wọ́n wí.

Hàmdálàt yíjú sí wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a ṣi kásẹ́ẹ̀tì gbé ni?"

"A ò ṣì í gbé. Ìyáálé mi ni, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Gbogbo Iléyá la fi ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ kọ orin yìí. Ṣé ẹ gbọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn? Èmi gan-an nìyẹn!"

Ẹ̀rín pa Alhaja débi tí wọ́n fi di tábìlì mú. Wọ́n pe ìyáálé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n gbé fóònù sétí ẹ̀rọ.

"Ìyáálé mi, ẹ gbọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Mo gbà!"

Láti inú fóònù, ohùn arúgbó kan bọ́ sínú orin náà, ó ń bá ohùn ìgbà èwe ara rẹ̀ lọ. Alhaja gbè é. Àwọn tó ń ta fóònù nítòsí ń pàtẹ́wọ́, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà náà ń mi èjìká. Hàmdálàt ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ọmọ ta ló tún un ṣe?" Ìyá Àbẹ̀kẹ́ béèrè.

"Èmi ni mà, Hàmdálàt."

"Ọlọ́hun á tún tìẹ náà ṣe. Odidi àpò kásẹ́ẹ̀tì ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ìgbà wo lo ń bọ̀?"

Kí Hàmdálàt tó la ẹnu, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù.

"Ọ̀la ni mà! Ọkọ̀ wa ló máa gbé e wá."