Ẹ̀rọ Tí Kò Sùn Rí Nílé Ìsìnkú Màmá Tu

"Ẹ wá wò ó," ni Liao Chin-fa tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá kọ̀ǹpútà náà lórí bí ẹni ń gbóríyìn fún ẹṣin tó gbapò kìíní. "Láti ọjọ́ tí mo ti tàn án, ọdún mẹ́ta rèé, kò tíì sùn rí. Ilẹ̀ mì tìtì, kò sùn. Ìjì ká òrùlé ọjà ìlú wa Douliu lọ, kò sùn. Ẹ̀rọ tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ èmi Liao, ikú ò mọ ilé rẹ̀."

Ilé ìsìnkú ló ti ń sọ ọ́ o. Pósí mẹ́ta ló tò sẹ́yìn rẹ̀.

Màmá Tu, ìyá arúgbó tó ni ilé ìsìnkú náà, ń to òdòdó. Kò wẹ̀yìn. "Liao, rọra máa fọ́nnu. Àwọn tó wà nínú yàrá yìí ò lè pàtẹ́wọ́ fún ọ."

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì lásán ni, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣeré, ṣùgbọ́n òun ló ń gba àwòrán lọ́wọ́ kámẹ́rà tó wà lókè pósí, tó sì ń pín in fún àwọn ẹbí tó wà lọ́nà jíjìn. Abẹ́ tábìlì tí wọ́n ń to oúnjẹ òkú sí ni wọ́n gbé e sí. Orí rẹ̀ ni àpò ìpápánu àgbàdo aláwọ̀ ewé wà, bó ṣe máa ń wà nílùú wọn lórí ẹ̀rọ gbogbo tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kó gbọ́ràn. Àwọ̀ ewé ni o. Ẹni tó bá gbé pupa sórí ẹ̀rọ, wàhálà ló ń pè. Ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n sì kọ sí i lára ò gbọdọ̀ kọjá. Liao kì í fi èyí ṣeré. Láràárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ wo ọjọ́ ara àpò náà. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí èyí tó wà níbẹ̀ tó bàjẹ́.

Ìyá Shih ló kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, Ching-yao, wà lórí omi, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe nínú ọkọ̀ apẹja ńlá kan tí kò ní fẹsẹ̀ kan èbúté títí òjò yóò fi dá. Íńtánẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà kò ju okùn aláǹtakùn lọ. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ kíkọ, kò lè gbé ìpè olójú-kojú. Nígbà tí ikú dé, àwọn tó ni ọkọ̀ ṣí ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbé àwòrán fún un: ojú-ìwé ilé ìsìnkú Màmá Tu lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Liao fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí i pé, "Wàá rí ojú ìyá rẹ kí wọ́n tó bo pósí. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan ló wà ńbẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gba àwòrán wọlé, kọ̀ǹpútà Màmá Tu gbọ́dọ̀ fi ìwé-ẹ̀rí ààbò rẹ̀ hàn án, kó fi mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú. Ìwé-ẹ̀rí yìí náà ní ọjọ́ tirẹ̀ bí ìpápánu, èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yóò sì kú ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ ìsìnkú gan-an. Liao mọ̀. Ó ti gba tuntun, ó ti fi sínú ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ sì kọ ọ́ sójú pé òun ti gbà á. Liao fọwọ́ pa àpò ìpápánu lórí, ó bá tirẹ̀ lọ sídìí ìrẹsì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ìyá Shih wọ yàrá, wọ́n tan àtùpà sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Shu-hui, àbúrò Ching-yao obìnrin, yọ sí Liao nínú aṣọ ọ̀fọ̀, fóònù lọ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá Liao, Ching-yao ní kò ṣí. Ó ń kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ rẹ̀ pé ibí yìí ò ṣeé fọkàn tán."

"Ní kó tún un tẹ̀."

"Ó ti tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ ń ro ó. Ọkọ̀ ò jẹ́ kó kọjá."

Liao wọ́ wọ abẹ́ tábìlì. Ìwé-ẹ̀rí àtijọ́, òkú àárọ̀ yìí, ni ẹ̀rọ ṣì ń nà sí aráyé. Tuntun wà nínú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n rà tí wọn ò wọ̀. Wọn ò tíì pa ẹ̀rọ náà kí wọ́n tún un tàn. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kò lè ju àtijọ́ sílẹ̀.

"Kí ló ń ṣe é?" ni Shu-hui bi í.

"Mo ní láti pa á, kí n tún un tàn."

"Ta ló fẹ́ pa kí ni?" Màmá Tu ti dúró lẹ́yìn wọn. "Nínú yàrá yìí? Láti ìgbà tí òkú bá ti wọlé títí wọn ó fi bo pósí, iná kankan ò gbọdọ̀ kú níbí, ìbáà ṣe ti fáànù. Ohun tó bá ṣókùnkùn á fa ẹnìkan dání. O ti bá mi ṣiṣẹ́ tó láti mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí yàrá ṣófo, kí ló dé tó ò pa á?"

Liao wo àpò ìpápánu. "Mi ò fẹ́ kó sùn."

"O ò fẹ́ kó sùn."

"Ọdún mẹ́ta ni, Màmá. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

"Gbogbo àdúgbò. Ọmọ olókùú ńkọ́?"

Liao yíjú sí àlùfáà tó wá ṣe ìsìn òkú, ó ní ṣé wọn ò lè sún bíbo pósí síwájú díẹ̀. Àlùfáà ní àkókò tí òun fi ọjọ́ ìbí òkú àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ yàn kì í ṣe bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń na ọwọ́ dá dúró.

Shu-hui kò bá wọn jiyàn. Ó kúnlẹ̀ síwájú Màmá Tu, ó sì dorí kodò.

Ìyá arúgbó nawọ́ sí i. "Dìde, ọmọ mi. Liao, pa á. Tó bá máa mú ẹnìkan lọ, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù."

Ara Liao yá gágá. Ó ní kí wọ́n má mikàn, kí wọ́n tó sín tán, á ti jí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ di dúdú, ó di aláwọ̀ sánmà, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà: *Ẹ̀rọ yìí ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ má pa á.*

Gbogbo àtúnṣe tí ẹ̀rọ náà ti fẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, tí Liao kò jẹ́ kó sùn ṣe, òun ló gùn lé yẹn.

"Yóò pẹ́?" ni Màmá Tu bi í.

Liao fọwọ́ pa àpò ìpápánu lórí.

Agogo dún. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í kéwì òkú. Fóònù Shu-hui ń gbọ̀n.

"Ó ní ṣé ó kù díẹ̀."

"Sọ pé ó kù díẹ̀."

Ó tún gbọ̀n. "Ó ní ṣé a fi ẹ̀gbà òkúta jéèdì ìyá wa sí i lọ́wọ́."

Ìyẹn ni Shu-hui dá lóhùn fúnra rẹ̀. Ó sọ fún un pé ọwọ́ òsì ni, àti pé wọ́n ya irun rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe máa ń yà á. Ó ń kọ ọ́ lọ, ó ń kọ ọ́ lọ, títí àlùfáà fi ní kí ó fi fóònù sílẹ̀.

Wọ́n gbé ìdérí. Gbogbo ènìyàn kẹ̀yìn sí pósí bí wọ́n ti í ṣe, kí wọ́n má baà pa òjìji alààyè dé mọ́ òkú. Liao náà kẹ̀yìn, òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá dojú kọ ara wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, igi kan igi. Òòlù dún.

Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ yòò. Ìwé-ẹ̀rí tuntun yọ, ó pé, kò lábùkù. Àwòrán ń lọ geere. Lórí rẹ̀, àpò aláwọ̀ ewé jókòó jẹ́jẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó bàjẹ́.

"Ó ti jí," ni Liao wí wúyẹ́wúyẹ́.

Òòlù kò dúró. Nígbà tó dákẹ́, fóònù gbọ̀n níbi tí Shu-hui gbé e sí. Ó mú un, ó sì kà á síta fún gbogbo wọn, ohùn rẹ̀ ò ròkè, kò wálẹ̀:

"Ó ti ṣí. Àwòrán náà mọ́ dáadáa. Ẹ̀yìn yín ni mo ń wò."