Ọmọ Tí Kò Lè Jẹ́jọ́

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ! Ẹ̀yin náà ni kí ẹ wọlé lọ sọ fún adájọ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ!"

Ohùn Bísọ́lá gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù kan ní Upper Marlboro, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọkọ rẹ̀, Àkànní, nínú súùtù tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, fà á lápá.

"Ìyá Ọlámijùlọ, rọra. Wọ́n ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò! Ṣé wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ni?"

"Ìwà ọmọlúàbí ni mo kọ́ ọmọ mi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

"Ẹ kọ́ ọ pé bí àgbà bá jágbe mọ́ ọn, kó dọ̀bálẹ̀, kó di ẹsẹ̀ onítọ̀hún mú, kó má fi sílẹ̀ àfi tí wọ́n bá ní 'ó ti tó, dìde.' Ọmọ gbọ́ràn. Ẹni tó dì mú ni ò gbọ́ Yorùbá!"

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Ọlámijùlọ, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó já bísíkíìtì jẹ nínú ilé ìtajà kan ní Capitol Heights, kò tíì sanwó. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jágbe mọ́ ọn. Ni Ọlámijùlọ bá nà gbalaja, ó gbá ọrùn ẹsẹ̀ bàbá náà méjèèjì mú. Bàbá ń fẹsẹ̀ já ara rẹ̀ gbà títí tó fi ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Ó ń ké, Ọlámijùlọ ò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ń retí "ó ti tó." Ọlọ́pàá mẹ́ta ló já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Láti ọjọ́ náà ló ti wà látìmọ́lé.

Bridget, lọ́yà tí ìjọba yàn fún un, jáde wá bá wọn. Èdè òyìnbó ni Bísọ́lá fi kọjú sí i.

"Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Dókítà ní ọmọ mi ò lè jẹ́jọ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò mọ ohun tí adájọ́ ń ṣe. Tíṣà ló ń pè mí."

"Wọn ò ní dá ẹjọ́ ẹ̀ nìyẹn."

"Wọn ò ní dá a, ṣùgbọ́n wọn ò ní kàn fi í sílẹ̀ lásán."

"Olè gan-an, wọ́n á dá ẹjọ́ ẹ̀, á mọ iye ọdún tó máa lò. Tèmi tí ò mọ nǹkan kan, wọn ò ní jẹ́ kó rojọ́, wọ́n á kàn tì í mọ́lé! Ta ló ṣe irú òfin yìí? Ṣé ẹni náà ò ní ìyá ni?"

Bridget ní ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí adájọ́ bá gbà pé ilé lè gbà á láìséwu, pẹ̀lú olùtọ́jú tí ìjọba fọwọ́ sí, yóò bá wọn lọ sílé ní Forestville lónìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń tì pa ni, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò jáde.

"Ẹ jẹ́ kí n bá adájọ́ sọ̀rọ̀," ni Bísọ́lá wí. "Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Òótọ́ ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tọ́jú àwọn tó dà bí Ọlámijùlọ nínú ilé kan ní Brandywine. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóògùn, ó máa ń mọ̀ pé inú fẹ́ bí wọn kí àwọn fúnra wọn tó mọ̀.

Nígbà tí wọ́n wọ kóòtù, wọ́n mú Ọlámijùlọ wọlé. Aṣọ ẹ̀wọ̀n tóbi jù ú lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Dádì!" Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Wọ́dà gbá a mú.

Bísọ́lá dìde, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú oorun. Ó sọ ohun tó ń ba Ọlámijùlọ lẹ́rù, ohun tó ń mú ara rẹ̀ balẹ̀, wákàtí tó ń jí, orin tó ń gbọ́ tó bá ń jẹun. Adájọ́ fi bírò sílẹ̀, ó ń mi orí sókè sódò. Ọkàn Àkànní fúyẹ́ díẹ̀.

Joel, lọ́yà ìjọba tó pe Ọlámijùlọ lẹ́jọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, dìde.

"Màdáámù, ẹ mọṣẹ́ yín. Níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí èèyàn tó lè rí olùtọ́jú gbà lọ́wọ́ ìjọba, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"A máa ń kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù wà."

"Ta ló ń kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ó máa ń pẹ́ tó báwo kó tó kàn wọ́n?"

"Ọdún mẹ́ta. Nígbà míì, márùn-ún."

"Ìgbà wo lẹ kọ ti ọmọ yín?"

Bísọ́lá wo ọkọ rẹ̀. Àkànní ń wo bàtà ara rẹ̀. Lọ́dọọdún ni Bísọ́lá máa ń mú fọ́ọ̀mù náà wálé, lọ́dọọdún náà ni Àkànní máa ń sọ pé, "Orúkọ ọmọ mi ò ní sí nínú ìwé àwọn dìndìnrìn. Kí la fẹ́ sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì?" Bísọ́lá tó lè pariwo mọ́ ọlọ́pàá, tó lè pariwo mọ́ dókítà, á ká fọ́ọ̀mù náà padà sínú báàgì.

"Màdáámù?"

"Mi ò kọ ọ́."

"Mo ti parí, Olúwa mi."

Adájọ́ mú bírò rẹ̀.

"Kò sí olùtọ́jú fún un níta. Inú ilé ìtọ́jú títì ni yóò máa wà títí kóòtù yóò fi pàṣẹ mìíràn. Wọ́dà, ẹ máa mú un lọ."